Fáànù Tí Kò Sinmi Láti Ìsẹ́yìn Dé Egan

Àwọn tó ń lọ sí Èkó láti Ṣakí pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń padà wá sọ bí ibẹ̀ ṣe rí gan-an kò tó nǹkan. Aṣọ ni wọ́n máa ń fi hàn wá, tàbí fóònù tuntun. Èmi ò ra aṣọ bọ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, nítorí láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà, tí ẹ ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, ìbéèrè náà kì í sì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fi ìdúró dáhùn.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Sìdí, kú sí Èkó. Káfíńtà ni ọkọ wọn, Bùrọ̀dá Lásísì, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ. Nígbà tí Àǹtí ṣe opó tán, ìdílé wa ṣe ìpàdé, Baálé sì sọ pé kò yẹ kí obìnrin tí kò ní ọmọ máa dá gbé ní ìlú onílùú. Wọ́n kun yàrá kan lọ́dà nínú agbo ilé, wọ́n tẹ́ ibùsùn sí i. Èmi ni mo ní ọkọ̀, ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà sì ti gba ìsinmi, ni wọ́n bá ní kí n lọ mú wọn wá. Baálé fúnra wọn ló bá Àǹtí sọ̀rọ̀ lórí fóònù níṣojú gbogbo wa. Ohun tí a gbọ́ tí Àǹtí fi dáhùn ni pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Kó máa bọ̀."

Abẹ́rẹ́ tó ya òpùrọ́

Ẹni tó bá ń wakọ̀ mọ abẹ́rẹ́ kékeré tó wà níwájú awakọ̀, èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀ mi, àárín gbùngbùn ni abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dúró sí. Mo kọjá Ìsẹ́yìn díẹ̀ ni mo wò ó tí ó ti wálẹ̀ pátápátá, bí ẹni pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo níwájú. Mo rò pé yóò dákẹ́ láìpẹ́. Kò dákẹ́. Ọkọ̀ kó sínú kòtò kan, abẹ́rẹ́ fò sókè lọ síbi pupa, ó tún já wálẹ̀.

Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò sí ilé nítòsí. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo inú kànga. Èéfín kankan kò jáde. Obìnrin Fúlàní kan tó gbé igbá wàrà lérí ń bọ̀ lápá òdìkejì, ó dúró, ó kí mi, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dán ju ti àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ.

"Ṣé ó ń jó ni?" ó béèrè.

"Mi ò mọ̀ o."

Ó na imú síwájú, ó gbóòórùn rẹ̀. "Kò jó. Tó bá ń jó, ó máa rùn."

Ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó tì mí títí ẹ́ńjìnnì fi tutù tí mo fi rí i pé omi rẹ̀ kún dáadáa. A jẹ wàrà. Ó ní òun kò lè fi obìnrin nìkan sílẹ̀ nínú igbó lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin kan ṣoṣo ni òun náà. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn rárá ni fáànù ti bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyí: bí abẹ́rẹ́ bá ní ọkọ̀ tutù nígbà tí kò tutù, báwo ni n ó ṣe mọ ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ jóná? Bí èmi nìkan bá wà nínú rẹ̀, mo lè dúró lórí gbogbo òkè kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò, bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọpọ́n ṣì máa sún kàn mí láti gbé ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ru gba inú igbó kan náà padà.

Bí mo ṣe wọ Egan

N kò ní fi ọ̀nà Abẹ́òkúta àti Sango dá yín lágara. Nígbà tí mo dé Ẹ̀gbẹ́dá, gbogbo ènìyàn ló ti ń bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi. Ọlọ́kadà kan sún mọ́ fèrèsé, ó ní, "Mọ́mì, fáànù yín fẹ́ fò lọ o!" Obìnrin tó ń ta omi fi ọwọ́ hàn mí pé kí n pa á. Ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ńlá ní kí n má pa á o, pé bí mo bá pa á, kò ní tan mọ́. Wọn ò mọ̀ mí rí, n kò sì bi wọ́n. Ní ilé wa níbí, a lè rí i pé ọkọ̀ ènìyàn fẹ́ẹ́ bàjẹ́, kí a kọ́kọ́ kí i, kí a béèrè ilé, kí a béèrè ọmọ, kí a tó sọ ọ́. Níbẹ̀, ìmọ̀ràn ló máa ń ṣáájú, ìkíni lè má tẹ̀lé e rárá.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé ọ̀dọ̀ Àǹtí ní Egan, àdúgbò kan ní ẹ̀yìn Èkó. Ilé oníyàrá méjì tí Bùrọ̀dá Lásísì kọ́ nígbà tí Egan ṣì jẹ́ igbó ti wà láàárín ilé alájà mẹ́ta méjì báyìí. Àǹtí jáde, mo kúnlẹ̀, wọ́n fà mí dìde, wọ́n sì dì mọ́ mi pẹ́. Wọ́n ti rù. Ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n ti di ẹrù wọn sínú àpò ńlá, wọ́n so ẹnu àpò náà pẹ̀lú okùn. Mo dúpẹ́ lọ́kàn pé iṣẹ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Ọkọ̀ nìkan ló kù tí a máa tún ṣe," mo ní.

"Kí ló ṣe é?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìyẹn ò dáa o. A ò lè fi irú ẹ̀ rìn."

Ẹni tí kò dáhùn ìkíni

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde sí òpópónà, mo sì kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹ kú òwúrọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Àwọn kan dáhùn. Àwọn kan wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ nǹkan tó kì sétí, ó ní, "Màmá, kí lẹ wí? Kí lẹ fẹ́?" Mo ní n kò fẹ́ nǹkan kan, mo kàn ń kí i ni. Ojú tì í. Ó dọ̀bálẹ̀ tán, ó sá lọ, ọkọ̀ ti fẹ́ fi í sílẹ̀. Bí mo bá sì ti la ẹnu, wọ́n á ní, "Màmá, Òkè-Ògùn ni yín o, àbí?" Ní Ṣakí, n kò mọ̀ pé mo ní ohùn kan tó yàtọ̀.

Obìnrin Ìgbò tó ń gbé ilé kejì, Màmá Ńkẹ̀chí, kò dáhùn ìkíni mi rárá. Mo sọ ọ́ fún Àǹtí, mo ní aládùúgbò yín yìí gbéra ga. Àǹtí rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwo oúnjẹ tó dé lórí. Ó ní òun gbọ́ pé àlejò wà. Ohun kan tó pọ́n bí òróró, tó dì bí mọ́ínmọ́ín, ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń pè é ní ọkpa. Mo bù ú sẹ́nu, mo ń wá ẹja inú rẹ̀, mo ń wá ẹyin, n kò rí kankan, ṣùgbọ́n ó dùn, ó sì gbé inú ró títí di ọ̀sán. Mo wá mọ̀ pé obìnrin yìí kì í gbọ́ràn dáadáa ní etí kan. Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láti apá kejì.

Ní ṣọ́ọ̀bù Ìkọ̀tún

Àǹtí ní kí a gbé ọkọ̀ lọ sí Ìkọ̀tún, pé àwọn mẹkáníìkì pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá tó gbà wá ń jẹ́ Gàníyù, ọkùnrin gíga kan tó máa ń fi àkísà nu ọwọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo inú ọkọ̀.

"Mọ́mì, ta lẹ bá wá?"

"Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìyí."

"Rárá o, ọkùnrin tó ni ọkọ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni mo ni ín."

"Ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀ ni."

"Èmi náà ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, a sì di ọ̀rẹ́. Ó fi etí sí ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́ ariwo fáànù, ó ní tẹmositáàtì ni. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa: nǹkan kékeré kan ni, tó máa ń dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ìwọ̀n. "Àwọn òyìnbó ló nílò ẹ̀," ó ní, "torí òtútù ọ̀dọ̀ wọn. Oòrùn tiwa yìí ti tó. Gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ ibí, a máa ń yọ ọ́ ni."

Ó yọ ọ́. Ó da omi tuntun sí i, ó yí kọ́kọ́rọ́. Fáànù bú sẹ́kún bí tàtẹ̀yìnwá. Abẹ́rẹ́ kò mira. Ó tún bọ́ lábẹ́ ọkọ̀, ó tún jáde, ó nu ọwọ́.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Fáànù tó ń ṣiṣẹ́ jù sàn ju èyí tí kò ṣiṣẹ́ rárá, àbí mo parọ́ ni? Ẹ máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀, jàre."

"Àti abẹ́rẹ́?"

"Abẹ́rẹ́ wo? Ẹ má wò ó mọ́ ni."

Mo wo Àǹtí. Wọ́n mi orí. "A ò lè gbé irú ọkọ̀ yìí gba inú igbó kọjá," wọ́n ní. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ni wọ́n sọ, mo sì rò pé ìbẹ̀rù kan náà ló mú àwa méjèèjì.

Àlejò tuntun

Nígbà tí a délé, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́ ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, ọmọ náà kò sì yé sunkún. Ìpínlẹ̀ Benue ni wọ́n ti wá, kò sí ìyá, kò sí ìyá ọkọ nítòsí. Gbogbo ẹni tí ó bi ní àdúgbò ló sọ fún un pé kí ó lọ pe Màmá Sìdí.

Àǹtí wo àpò ẹrù wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. "Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn pé mò ń lọ sílé," wọ́n ní. Ọkùnrin náà kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí wọlé, wọ́n jáde pẹ̀lú kànìnkànìn àti aṣọ ìnura.

Mo tẹ̀lé wọn. Ẹ̀yin tó wà nílé mọ̀ pé obìnrin kan ní Èkó lè máa wẹ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi náà mọ̀, Àǹtí ti sọ ọ́ rí lórí fóònù. Mo rò pé nǹkan tí wọ́n kàn fi ń lo àkókò ni. N kò tíì rí i.

Yàrá kan ṣoṣo ni. Ìyá ọmọ náà, Ene, kéré lọ́jọ́ orí, ojú rẹ̀ ti wú nítorí àìsùn. Àǹtí bọ́ ìborùn, wọ́n jókòó lórí àpótí kékeré, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ki igbúnwọ́ bọ omi, wọ́n ní kí wọ́n bu tútù díẹ̀ sí i, wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọmọbìnrin náà lé orí ojúgun wọn, tí ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè.

"Ẹ káàbọ̀, àlejò," Àǹtí sọ fún un. "Ọ̀nà jìn, àbí? Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ti dé báyìí."

Wọ́n ń bomi, wọ́n ń fọ ọrùn, wọ́n ń fọ kọ̀rọ̀ abíyá, wọ́n ń na apá, wọ́n ń ká ẹsẹ̀, ohùn wọn kò sì gbóná, kò yára. Ìgbà tí wọ́n da ọmọ náà délẹ̀ tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gùnfẹ̀ bí àgbàlagbà. Ó dákẹ́. Kí wọ́n tó fi òrí pa á lára tán, ó ti sùn. Ene bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tirẹ̀ báyìí. Àǹtí kò ní kó dákẹ́. Wọ́n mú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fi hàn án ibi tí yóò ti máa di orí ọmọ mú, wọ́n tún fi hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó fi Yorùbá tí kò tíì mọ́ ọn lẹ́nu béèrè pé, "Màmá, lọ́la, ẹ máa wá?"

Àǹtí ń fún omi aṣọ ìnura. Wọ́n fún un títí kò fi sí omi mọ́ nínú rẹ̀. "Ọlọ́run á pèsè," wọ́n ní.

Bí a ṣe ń padà, àwọn ọmọdé tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ ń kúnlẹ̀ kí wọn lójú ọ̀nà, Àǹtí sì ń fi wọ́n hàn mí. "Ìyẹn, bí ẹyẹ ló ṣe máa ń ké. Èyí tó wọ bàtà funfun, orí ẹ̀ gùn ṣọnṣọ nígbà tí wọ́n bí i, wò ó bó ṣe rí báyìí, ọwọ́ mi ló tún un ṣe." Wọ́n ń rìn yára ju bí mo ṣe rí wọn rìn láti ìgbà tí mo ti dé.

Eku Ṣakí

Nígbà tó yá, Àǹtí ní àwọn rántí réwáyà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ìyẹn àwọn tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Wọ́n wẹ àwọn ìbejì rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní jòjòló, nítorí náà Bàbá Ìbejì ni a mọ̀ ọ́n sí. Ó dìde nígbà tó rí Àǹtí, ó lọ bá wọn wá ìjókòó tó nírọ̀rí, lẹ́yìn ìyẹn ló wá wo ọkọ̀.

Ó ki ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ ìdarí ọkọ̀, ó kàwé ojú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ wá wo nǹkan. Ọpọlọ ọkọ̀ yín rò pé inú yìnyín lẹ wà. Ó ní òtútù tó wà lára ẹ́ńjìnnì ju ti fíríìsà lọ."

"Bó bá rò pé òtútù ń mú un, kí ló dé tó ń fẹ́ fáànù?"

"Torí ó mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jíṣẹ́ fún un ti dákẹ́. Kò mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, ló bá ní kí fáànù máa fẹ́ ṣáá, kí ọkọ̀ má baà jóná."

Ó ní ẹni tó ń jíṣẹ́ náà ni sẹ́ńsọ̀, nǹkan bí ìka tó máa ń wà nínú omi ẹ́ńjìnnì láti mọ ìgbóná rẹ̀. Ó lọ wá òmíràn, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú ìgboyà. Fáànù tún bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tún sùn. Bàbá Ìbejì dúró, ó fi ọwọ́ ha orí. Mo rò pé òun náà fẹ́ẹ́ ní kí n má wo abẹ́rẹ́ mọ́.

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun yára jù ni. Ó ní kí n mi wáyà kan bí òun bá ti ń sọ, kí n rọra, kí òun máa wo abẹ́rẹ́. Mo mi ti òkè, kò sí nǹkan. Mo mi ti ẹ̀gbẹ́, kò sí nǹkan. Mo ki ọwọ́ sísàlẹ̀ lẹ́yìn bátìrì, mo fa nǹkan tó wà níbẹ̀, Bàbá Ìbejì pariwo pé, "Ó fò sókè! Ẹ tún un mì!" Ó gbé bátìrì kúrò. Ìtẹ́ eku ló wà lábẹ́ rẹ̀, èèpo àgbàdo àti òwú ìjókòó, wọ́n tò ó dáadáa bí ẹni tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Eku ti jẹ ara wáyà méjì, okùn tín-ín-rín kan ló kù tó di ọ̀kan mú. Bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, wáyà méjèèjì á kan ara wọn, abẹ́rẹ́ á fò. Bí wọ́n bá tún yà, á já bọ́.

"Eku ibo nìyí?" Bàbá Ìbejì béèrè.

Mo rántí àpò àgbàdo tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nílé. "Eku Ṣakí ni," mo ní. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ó so wáyà náà pọ̀, ó fi òjé jó o, ó wé e. Abẹ́rẹ́ dìde díẹ̀díẹ̀. Fáànù dákẹ́. Ẹ wò ó, mi ò mọ̀ bí ariwo náà ṣe ti wọ̀ mí létí tó, àfi ìgbà tí mo gbọ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀.

Ó ní kí n padà lọ gba tẹmositáàtì mi ní Ìkọ̀tún kí wọ́n dá a padà, nítorí ẹ́ńjìnnì tí kò bá gbóná dé ìwọ̀n kò ní pẹ́ láyé. Mo ń bẹ̀rù pé Ọ̀gá Gàníyù yóò bínú. Kò bínú. Ó wá a láàárín irin rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà sí ipò rẹ̀, ó sì ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ fún ara rẹ̀: "Eku! Eku lásán-làsàn!" Nígbà tí mo ń lọ, ó ní kí n kí àwọn ará ilé.

Ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀

A gbé ọkọ̀ náà gba ọ̀nà Igando lọ sí apá Àkẹ̀sàn láti dán an wò. Abẹ́rẹ́ wà láàárín. A dúró fún ìgbà díẹ̀ nínú ooru, fáànù tan fúnra rẹ̀, ó fẹ́ díẹ̀, ó pa ara rẹ̀. Inú mi dùn bí ọmọ tó yege ìdánwò.

"Àǹtí, ó ti dáa. Ọ̀la la máa lọ, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

 Mo wo ẹ̀gbẹ́. Omijé ń bọ́ lójú wọn, wọn kò sì nù ún.

"Ráṣí," wọ́n ní, "láti ọjọ́ tí o ti dé, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní ọkọ̀ yìí ò tíì dáa, alihamudulilahi ni mò ń ṣe nínú ọkàn mi."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

"Bàbá Ìbejì yẹn, mo ti rántí ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Mo mọ̀ pé yóò rí ìdí ẹ̀. Mo jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí Ìkọ̀tún ni."

Inú bí mi. N kò ní parọ́ fún yín. Mo rántí igbó Ìsẹ́yìn, mo rántí gbogbo òkè tí mo ti dúró. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa bọ̀! Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún Bàbá nígbà náà?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Bàbá ní àwọn ti kun yàrá fún mi. Àgbà ní òun ti tẹ́ ibùsùn dè ọ́, ìwọ á ní o ò fẹ́? Ìwọ, ṣé o lè sọ ọ́?"

N kò lè sọ ọ́. 

"Mi ò kórìíra ilé," Àǹtí ní. "Àmọ́ ní Ṣakí, ilé wo ni kò ní ìyá àgbà? Ta ló máa wá pè mí? Wọ́n á gbé oúnjẹ wá bá mi, wọ́n á kí mi, wọ́n á ní 'opó Lásísì nìyẹn.' Níbí, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, nǹkan kan ṣoṣo tó ń gbé mi dìde nílẹ̀ nìyẹn."

Mo jókòó sí ìdí ìdarí ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ti yá, n kò sì mọ ibi tí n ó darí rẹ̀ sí. Mo ń ro Baálé. Mo ń ro bí n ó ṣe wọ agbo ilé pẹ̀lú ìjókòó tó ṣófo. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ọmọbìnrin yẹn lórí ojúgun wọn, bó ṣe gùnfẹ̀, tó sì sùn.

"Ta ló máa tọ́jú yín bí ara yín ò bá yá?" mo béèrè.

"Bi Màmá Ńkẹ̀chí ẹni tó tọ́jú mi nígbà tí mo wà lópó."

Mo yí ọkọ̀ padà sí Egan. Nígbà tí a wọlé, èmi ni mo tú okùn àpò àkọ́kọ́.

Ilé

Mo dé Ṣakí ní ọ̀sán, wọ́n ti jókòó dè wá nínú àgbàlá. Baálé wo ọkọ̀, wọ́n wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́, Bàbá."

"Iṣẹ́ wo?"

Mo kúnlẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Ariwo sọ. Bùrọ̀dá Wàídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ní, "A rán ẹ níṣẹ́, o wá lọ bá wa tú u ká lọ́hùn-ún!" Baálé gbọ́wọ́ sókè, gbogbo ẹnu dákẹ́. Wọ́n ní kí n pe Àǹtí, kí n jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́.

Fóònù dún pẹ́. Nígbà tí Àǹtí gbé e, igbe ọmọ ni a kọ́kọ́ gbọ́, àti omi tó ń dà.

"Sìdíkátù," Baálé ní, "èmi ni o."

"Bàbá, ẹ kú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Mò ń pè yín padà báyìí." Fóònù sì pa.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí ẹni tó pa fóònù mọ́ Baálé létí rí.  Baálé wo fóònù náà nínú ọwọ́ mi, wọ́n ní, "Ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní." Bùrọ̀dá Wàídì fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó jókòó.

Àǹtí pè padà lóòótọ́. Baálé gba fóònù, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, n kò sì béèrè títí di òní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo gbọ́ ẹ̀rín Baálé lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọn kò sọ̀rọ̀ yàrá mọ́. Wọ́n rìn lọ síbi tí mo gbé ọkọ̀ sí, wọ́n fi ọ̀pá kan táyà rẹ̀.

"Ráṣí, ṣé ọkọ̀ yìí ti dáa báyìí?"

"Ó ti dáa, Bàbá."

"Ṣé ó lè gbé arúgbó dé Èkó?"

Mo ní ó lè gbé wọn débẹ̀.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Kí a wa iṣu tán ná."